Òdòdó wo ló bá bákónì yín mu? Pẹ̀rẹ̀gún, ọ̀já ìkòokò, croton, ixora àtàwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Fúláàtì tí mo kọ́kọ́ gbà ní Sùúrùlérè, àjà kejì ló wà, bákónì rẹ̀ sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Mi ò ro ti oòrùn rárá lọ́jọ́ tí mo lọ ra òdòdó. Èyí tó wù mí ni mo rà: money plant méjì tí ewé wọn ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, àti fern kan tó fẹ̀ bí agbòjò. Oṣù Kejìlá ni. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àpá funfun fi yọ lára ewé money plant. Àpá náà di àwọ̀ ilẹ̀, tí mo bá sì fọwọ́ kàn án, á rún wómúwómú bí ewé tábà. Fern gbẹ kú. Mò ń bu omi sí wọn láàárọ̀, mò ń bu ú sí wọn lálẹ́, mo rò pé òùngbẹ ni. Oòrùn aago mẹ́ta ọ̀sán ló ń jó ewé wọn lókè, omi àbùjù sì ń mú gbòǹgbò wọn jẹrà nísàlẹ̀.

Owó tí mo ná dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ohun tó ṣe àwọn ewéko náà nígbà tí mo rà wọ́n. Ibi tí mo gbé wọn sí ni kò bá wọn mu. Láti ìgbà yẹn mo ti gbé fúláàtì méjì mìíràn, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èyí tí mo wà báyìí kọjú sí gúúsù, mo sì ti kọ́ láti máa fi òdòdó kan wé èkejì kí n tó fọwọ́ sápò. Bákónì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè bu omi lọ́sẹ̀ kan láìparọ́. Ẹwà ló kẹ́yìn.

Ibo ni bákónì yín kọjú sí?

Èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn ló rọrùn jù. Oòrùn àárọ̀ á wọlé láti nǹkan bí aago méje, kò tíì ní agbára tó lè jó ewé, nígbà tí ọ̀sán bá sì fi máa le, ilé fúnra rẹ̀ á ti ṣíji bo ibẹ̀. Díẹ̀ ni òdòdó tí kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni òdìkejì rẹ̀. Àárọ̀ á tutù, ṣùgbọ́n láti aago kan ọ̀sán lọ, oòrùn á máa pa ògiri, ògiri á gbóná, á sì máa tú ooru náà sára ewéko títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àríwá àti gúúsù ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wa ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní gúúsù ni oòrùn máa ń wà, pé àríwá kì í rí oòrùn. Ti Èkó ò rí bẹ́ẹ̀. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6½ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, oòrùn ọ̀sán máa ń wà gan-an lókè orí wa, òjìji ènìyàn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Lẹ́yìn èyí, á padà sí gúúsù, ibẹ̀ ló sì máa wà títí di oṣù Kẹrin mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí ń ṣe fún òdòdó. Oṣù tí bákónì àríwá ń rí oòrùn, oṣù òjò ni. Ìkúùkù á máa bo ojú ọ̀run, ewéko ò ní jìyà. Oṣù tí ti gúúsù ń rí oòrùn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ inú ìkòkò sì ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, oòrùn ọ̀sán oṣù Kejìlá kì í dúró ṣánṣán lókè, ó máa ń rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ó ń wọ inú bákónì jìnnà. Ní ilé tí mo wà yìí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí táìsì ilẹ̀ níbi tí oòrùn aago kan dé. Lóṣù Kẹwàá, ìlà náà ò jìnnà sí irin ojú bákónì. Nígbà tí ọdún Kérésì fi dé, ó ti kọjá mítà kan àtààbọ̀ sínú, ó ń wá bá àga tí mo máa ń jókòó lé. Òdòdó tó wà níbi ìlà yẹn lóṣù Kẹfà rò pé inú ibòji lòun ń gbé ni.

Ẹ fún bákónì yín ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ máa ṣọ́ ọ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ wo aago tí oòrùn wọlé, ẹ wo ìgbà tó jáde, ẹ wo ibi tí ooru éésì ará ilé kejì ń fẹ́ sí.

Pẹ̀rẹ̀gún tàbí croton?

Bí ẹ bá ń wá ohun tó máa dúró gíga ní kọ̀rọ̀ bákónì, tí ewé rẹ̀ á lẹ́wà láìjẹ́ pé ó yọ òdòdó, méjèèjì yìí ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì máa kọ́kọ́ fi hàn yín.

Ọmọ Yorùbá ò nílò kí n ṣàlàyé pẹ̀rẹ̀gún fún òun. Òun ni wọ́n ń gbìn sí ààlà ilẹ̀, òun ló ń yí ojúbọ ká, òun ni àwọn bàbá wa fi ń ṣe ọgbà. Ohun tí kì í sábà wá sọ́kàn wa ni pé òun gan-an ni wọ́n ń tà lówó gọbọi ní Lọ́ńdọ̀nù lórúkọ Dracaena fragrans, pàápàá èyí tí ìlà yẹ́lò gba àárín ewé rẹ̀. Tó bá dàgbà tó, ó máa ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí òórùn dídùn rẹ̀ ń jáde lálẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú fragrans inú orúkọ rẹ̀. Croton ní tirẹ̀ wá láti Indonesia, Malaysia àti àwọn erékùṣù òkun Pacific. Ewé kan ṣoṣo lára rẹ̀ lè ní pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti dúdú. Ká sòótọ́, bí a bá ń sọ ti àwọ̀ nìkan, pẹ̀rẹ̀gún ò lè bá a du ú.

Ṣùgbọ́n oòrùn ló ń fún croton ní àwọ̀ náà. Ẹ gbé e sí ibòji fún oṣù méjì, ewé tuntun tó bá yọ á máa jẹ́ àwọ̀ ewé lásán, gbogbo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á á lọ. Kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí òun nípò. Ẹni tó bá gbé e wálé lónìí lè bá ewé mẹ́wàá nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tíì kú, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ fi sílẹ̀ lójú kan, ewé mìíràn á yọ. Bí omi bá wọ́n ọn fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á so rọ̀. Oje funfun ara rẹ̀ sì máa ń yún ẹlòmíràn lára, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ.

Pẹ̀rẹ̀gún ń fara da oòrùn, ó ń fara da ibòji, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí omi. Èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé látòkèdélẹ̀ ló lágbára jù. Olílà yẹ́lò yẹn, oòrùn ìwọ̀ oòrùn á jó o. Àléébù rẹ̀ nínú ọyẹ́ ni pé ẹnu ewé máa ń gbẹ. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu tó gbẹ náà, kí ẹ gé e ní ṣóńṣó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ojú ò ní mọ̀. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú ń bò ó, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti nù. Mo máa ń mú àkísà tútù, màá gbá ewé kan mú láti ìdí, màá rọra fà á dé ṣóńṣó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe títí màá fi yí igi náà ká. Àkísà á pupa kinkin, ewé á sì máa kọ mànà. Ta ló máa nu ewé croton bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Omi ni kí ẹ wọ́n sí tirẹ̀.

Ti owó náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún kan mo lọ sí Ojúwòyè ní Mushin lọ ra ewé fún ìyá mi, mo sì rí ọ̀pá pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n tò jọ sábẹ́ tábìlì ìyá eléwé kan. Mo ní mo fẹ́ gbìn ín. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, o fẹ́ gbìn ín? Mú méjì. Gún un mọ́lẹ̀, má fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀ o." Bí mo ṣe ṣe é náà nìyẹn. Mo gé e ní ìwọ̀n apá, mo gún un sínú ilẹ̀dú, mo fi sí ibòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ewé tuntun ti yọ lábẹ́ ibi tí mo gé. Àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá ga jù, màá gé orí wọn, màá tún gbin orí náà.

Àwọn tó ń ṣe Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ọ̀dọ̀ wa dé Brazil, ṣì ń pè é ní peregum. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé orúkọ náà kọjá òkun láìsọnù, mo jáde lọ dúró níwájú tèmi ní bákónì fún ìgbà díẹ̀.

Nítorí náà, bí bákónì yín bá ń rí oòrùn tó wákàtí márùn-ún, tí ẹnìkan sì wà nílé tó lè máa wò ó lójoojúmọ́, ẹ mú croton. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀rẹ̀gún ni.

Fún ẹni tí kì í sí nílé: ọ̀já ìkòokò àti ZZ

Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún àárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń mú un wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, kò yẹ kí ó máa ra òdòdó tó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Àwọn méjì yìí ni tirẹ̀.

Ọ̀já ìkòokò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní snake plant. Ẹni tó bá rí bí ewé rẹ̀ ṣe gùn, tó tẹ́ bí ọ̀já, tó sì ní àbàrà lára, á mọ̀ pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fi ojú sí i dáadáa. Ilé rẹ̀ ni apá ibí gan-an, láti Nàìjíríà lọ dé Congo. Àwọn onímọ̀ ewéko ti kó o mọ́ ìdílé Dracaena, nítorí náà òun àti pẹ̀rẹ̀gún ti di ọmọ ìyá. ZZ, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Zamioculcas zamiifolia, wá láti ìlà oòrùn Áfíríkà, láti Kenya lọ sí South Africa. Àwọn olóko òdòdó ní Netherlands ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri ayé ní nǹkan bí ọdún 1996.

| | Ọ̀já ìkòokò | ZZ |
|---|---|---|
| Oòrùn | Ó gba gbogbo rẹ̀, títí kan ti ọ̀sán tí wọ́n bá fi mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ | Ibòji tó mọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń jó o |
| Omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn | Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́wàá | Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì |
| Ohun tó ń pa á | Omi àbùjù | Omi àbùjù |
| Bó ṣe ń bí sí i | Kíákíá, ó ń ta ọmọ láti abẹ́ ilẹ̀ | Díẹ̀díẹ̀, oṣù pípẹ́ |
| Iye owó | Ó rọjú | Ó wọ́n |

Inú omi ni àwọn méjèèjì ti ń kú, kì í ṣe inú ọ̀dá. Ìdí ọ̀já ìkòokò á rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kọjá jíjẹ, ewé á sì ya lulẹ̀ lódindi. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ̀rinrin, ẹ padà wọlé. Lóṣù òjò, tí ìjì bá ń fẹ́ omi wọ bákónì, mi ò kì í bu omi sí tèmi rárá.

Èmi fara mọ́ ọ̀já ìkòokò. ZZ lẹ́wà, ewé rẹ̀ ń dán láìjẹ́ pé ẹ nù ún, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tó sì wọ bákónì gúúsù lójijì lè bà á jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìkìlọ̀ kan lórí ọ̀já ìkòokò tí etí ewé rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò: bí ẹ bá gé ewé rẹ̀ gbìn, ọmọ tó máa yọ ò ní ní yẹ́lò náà mọ́. Ẹ pín in láti ìdí, kí ẹ gé iṣu abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣu náà lágbára débi tó fi ń fọ́ ike. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá tèmi tí ìkòkò rẹ̀ ti là láti ẹnu dé ìdí, tí ọmọ tuntun sì ti yọrí láti ojú ibi tó là.

Ní Brazil, idà São Jorge, ẹni mímọ́ ológun kan nínú ìjọ Àgùdà, ni wọ́n ń pè é, wọ́n a sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà láti lé ibi lọ. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ló ń fi ẹni mímọ́ ológun náà pe Ògún.

Oòrùn líle: bougainvillea, ixora, hibiscus

Bougainvillea ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún bákónì ìwọ̀ oòrùn. Brazil ló ti wá; orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Faransé tó yí ayé ká láàárín ọdún 1766 sí 1769 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ já ohun tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ wò: àwọn nǹkan mẹ́ta tó tinrín bíi pépà yẹn, ewé ni wọ́n. Òdòdó gangan ni ohun funfun kékeré tó wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pẹ́ lórí igi.

Ó ń fẹ́ oòrùn wákàtí márùn-ún ó kéré tán. Ó sì ń fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun díẹ̀, èyí tó ṣòro fún àwa tí a fẹ́ràn láti máa kẹ́ òdòdó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tèmi ń tanná jù, nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀ kí n tó bu omi. Lọ́dún tí mo da ìgbẹ́ adìẹ púpọ̀ sí i, ó fi ewé bo ara rẹ̀, kò tanná. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Níbi tí ọmọdé ti ń sáré, ẹ má gbé e síbi tí apá wọn ti ń kọjá.

Ixora ń fẹ́ oòrùn bákan náà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ́n. Ohun tó fi ju bougainvillea lọ ni pé kò ní ẹ̀gún, kì í fẹ́ kiri, a sì ń rí òdòdó lórí rẹ̀ léraléra láàárín ọdún. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n láti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A máa ń já òdòdó pupa náà, a ó fa okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yọ jẹ́jẹ́, a ó sì lá ìkán omi dídùn tó bá a jáde. Àwọn èèrà náà mọ adùn yẹn. Níbi tí ẹ bá ti rí èèrà tó ń tò gun ixora, ẹ yí ewé padà, ẹ máa rí kòkòrò funfun bí òwú lábẹ́ rẹ̀. Èèrà ń jẹ oje tí kòkòrò náà ń yọ ni. Omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fi àkísà nù ún, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún kí ẹ tún un ṣe. Ó ti tó.

Hibiscus ń mu omi ju àwọn méjèèjì lọ, òdòdó rẹ̀ ò sì ju ọjọ́ kan lọ kó tó ká. Tí ẹ bá ní ilẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí.

Igi gíga tí wọ́n ń pè ní masquerade, tó wà lójú geètì ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín fún bákónì. Igi gidi ni.

Ibòji: money plant, lẹ́fúnlọ́sùn, àti èyí tí mi ò gbà lérò

Ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ò ti bà á tààrà ni money plant fẹ́. Ní bákónì àríwá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí ohun tó rọrùn tó o: ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, ẹ ki ẹ̀ka náà bọ ìgò omi, gbòǹgbò á yọ. Monstera ń fẹ́ ibòji kan náà, ewé rẹ̀ alihò sì ń wu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tó bá dàgbà, á gba àyè tó tó mítà kan. Ẹni tí bákónì rẹ̀ gba àga méjì péré, ṣé àga ló máa gbé jáde?

Lẹ́fúnlọ́sùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ewé rẹ̀ ní funfun bí ẹfun àti pupa bí osùn, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti parí iṣẹ́. Àárín àti gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti wọ ilé wa débi tí a fi fún un lórúkọ tiwa. Láti oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, kò sí ohun tí mo rí tó lẹ́wà tó o nínú ibòji. Kí ọyẹ́ tó dé, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìkòkò á fi ṣófo. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti pa á. Mo gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ìdọ̀tí pé bí mo bá ráyè màá da ilẹ̀ rẹ̀ nù. Ọwọ́ mi dí. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóṣù Kẹta, tí ìjì fẹ́ ẹ wọ bákónì, mo rí ohun pupa kan tó yọ ṣóńṣó láti inú ilẹ̀, kò ju ẹnu pẹ́ńsù lọ. Lọ́jọ́ kejì ó di mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ ọwọ́. Iṣu rẹ̀ ló ti ń sùn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má bu omi sí i rárá tó bá ti wọlẹ̀, ẹ fi sí kọ̀rọ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sára ìkòkò kí ẹlòmíràn nílé má baà dà á nù.

Ẹni tó bá fẹ́ ibòji aláwọ̀ ewé títí ọdún yípo, kó mú money plant. Ẹni tó lè fi oṣù mẹ́rin wo ìkòkò òfìfo, kó mú lẹ́fúnlọ́sùn.

Èyí tí mi ò gbà lérò fún ilé ọlọ́mọ ni dumb cane, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó ní àbàrà funfun. Oje rẹ̀ ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń gún ẹnu àti ahọ́n. Ọmọ ọdún méjì kan nínú ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀ ge ewé rẹ̀ jẹ. Ètè rẹ̀ wú, itọ́ ń dà, kò lè gbé nǹkan mì, a gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà ò gbàgbé. Money plant, monstera, ZZ àti lẹ́fúnlọ́sùn náà ní irú oje yìí, nítorí náà ibi tí ọwọ́ ọmọ ò tó ni kí gbogbo wọn wà.

Ohun kan wà tí ẹ ò ní rà. Nínú ìkòkò tó wà ní ibòji, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, rínrín á hù fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ rọ̀, ó sì mọ́ bíi gíláàsì. Mi ò kì í fà á tu.

Ìkòkò amọ̀ tàbí ike?

Amọ̀ ń mí. Omi ń gba ara rẹ̀ jáde, ilẹ̀ ń tètè gbẹ, ó ń tutù bíi ti àmù. Ohun tó ń kórìíra omi púpọ̀, bí ọ̀já ìkòokò àti bougainvillea, inú rẹ̀ ni kó wà. Ike ń pa omi mọ́, ó fúyẹ́, kò wọ́n. Ixora àti croton ń fẹ́ ẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ìwúwo. Lítà kan ilẹ̀dú tó ti mumi lè tó kílò kan àtààbọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà ogún tí ẹ kó ilẹ̀ kún jẹ́ ọgbọ̀n kílò, a ò tíì ka igi orí rẹ̀. Ẹ fi àwọn tó wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í ṣe sẹ́nu bákónì, kí ẹ má sì gbé ìkòkò kankan kọ́ sí òde irin. Ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò kì í fúnni ní àyè láti sáré jáde.

Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí. Àwo tí ẹ bá fi gbé e, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn á ti di tanwíji, tanwíji á di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìgò money plant náà ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ bákan náà. Ẹ sì bá ará ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí omi yín tó kàn sórí aṣọ tó sá.

Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé òdòdó kan ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni wọ́n ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2019 tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó sì rí i pé ó máa gbà tó òdòdó mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún kan lórí mítà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe ohun tí fèrèsé tó ṣí ń ṣe. Lórí bákónì, afẹ́fẹ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ má san owó kún owó nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀

Tí wọ́n bá dá mi padà sí bákónì Sùúrùlérè lọ́la, tí owó mi ò sì ju ti ìkòkò mẹ́ta lọ, mo mọ ohun tí màá ṣe. Bougainvillea kan nínú amọ̀, nítòsí irin, níbi tí oòrùn ti le jù. Pẹ̀rẹ̀gún aláwọ̀ ewé nínú ike, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀já ìkòokò ní kọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbàgbé. Bí money plant bá ṣì ń wù mí, inú ilé ló máa wà, lẹ́yìn kọ́tìnì.

Oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún ni màá rà wọ́n, kí gbòǹgbò wọn lè rí òjò mu kí ọyẹ́ tó dé. Níwájú ẹni tó ń tà á, màá di ìdí igi náà mú, màá rọra mì í. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀ nínú ilẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún mọ́lẹ̀ ni, kò tíì ní gbòǹgbò; màá gbé e sílẹ̀, màá mú òmíràn. Màá yí ewé padà wo abẹ́ rẹ̀. Tí mo bá sì gbé e délé, ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi wà níbòji, lẹ́yìn náà oòrùn àárọ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí n tó gbé e lọ síbi tó máa gbé.